Bí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Bá Jọ Kọ Ìtàn: Ohun Tó Yẹ Ká Bi Wọ́n Lẹ́yìn Iṣẹ́

Ẹ̀yin olùkọ́ èdè Yorùbá, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú yín: kí olùkọ́ pín kíláàsì sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan jọ kọ ìtàn àròsọ kan. N kò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí àǹfààní rẹ̀. Ẹ̀yìn iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wọ́. Ìtàn ti parí, a ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, olùkọ́ wá ní kí kálukú kọ ohun tó rí kọ́. Gbogbo wa la ti ka èsì wọn rí: “Mo kọ́ pé ìfọwọ́sowọ́pọ̀ dára, nítorí àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.” Ọmọ 40, àgbájọ ọwọ́ 40. Kò sí irọ́ níbẹ̀, àmọ́ kò sí ẹ̀rí níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọmọ tí kò kọ gbólóhùn kan ṣoṣo nínú ìtàn náà lè kọ èsì yẹn, ó tiẹ̀ lè kọ ọ́ dára ju ẹni tó ṣiṣẹ́ lọ.

Ohun tí mo rò pé ó ń fa èyí ni pé a máa ń dúró kí iṣẹ́ parí ká tó rántí àròjinlẹ̀, ìyẹn kí ọmọ ronú padà sórí iṣẹ́ tó ṣe. Bí iṣẹ́ bá ti lọ láìfi ipa sílẹ̀ lórí ìwé, kí ni ọmọ yóò wò lọ́jọ́ náà? Kò ní rí nǹkan kan wò, òwe ni yóò bọ́ sí. Nítorí náà, ọjọ́ tí a bá pín ìwé fún wọn ni iṣẹ́ àròjinlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó sì pọ̀ jù nínú ohun tí n óò sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa bíró, etí ìwé àti bébà tí a gé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lọ́nà. Àwọn kan ń sọ pé àjùmọ̀kọ jẹ́ àṣà òyìnbó, pé òǹkọ̀wé Yorùbá a máa dá kọ ìwé rẹ̀ ni. Ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé wa. Láyé ọjọ́un, ẹgbẹ́ Olóyè Oyin Adéjọbí ní Òṣogbo kì í kọ eré sílẹ̀ lọ́rọ̀ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó lọ ṣe é. Ọ̀gá á la ìtàn sílẹ̀, á pín ipò fún wọn, òṣèré kọ̀ọ̀kan á sì máa wá ọ̀rọ̀ sẹ́nu ara rẹ̀ títí eré yóò fi gbó. Àjùmọ̀kọ gidi nìyẹn. Ohun tí àwa kò ní nínú kíláàsì ni èrò ìwòran tó ń pariwo nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dùn, tó sì ń dákẹ́ nígbà tí kò bá dùn. Ìwé la ó fi dípò wọn.

Ọ̀nà jíjìn ni àpẹẹrẹ kejì ti wá, òun ló sì wúlò jù fún wa. Ní abúlé orí òkè kan tí ń jẹ́ Barbiana, ní agbègbè Tuscany ní ilẹ̀ Ítálì, àlùfáà Àgùdà kan, Lorenzo Milani, kó àwọn ọmọ àgbẹ̀ jọ, ó ń kọ́ wọn. Púpọ̀ nínú wọn ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ti já kulẹ̀. Ní 1967, mẹ́jọ nínú wọn gbé ìwé kan jáde tí wọ́n jọ kọ, lẹ́tà gígùn sí olùkọ́ kan. Kì í ṣe ìtàn àròsọ, ṣùgbọ́n wọ́n ṣàlàyé nínú rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé pọ̀. Olúkúlùkù ní ìwé kékeré nínú àpò. Èrò tó bá wá sí wọn lọ́kàn, wọn a kọ ọ́ sórí bébà ọ̀tọ̀, ojú kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń kọ̀wé sí. Tó bá di ọjọ́ kan, wọn a da gbogbo bébà náà sórí tábìlì ńlá, wọn a yọ èyí tó jọra kúrò, wọn a kó àwọn tó bá ara wọn mu sójú kan. Òkìtì kọ̀ọ̀kan di orí ìwé. Wọn a tún òkìtì náà pín sí kéékèèké, ó di ìpínrọ̀. Sísìọ́sì àti gọ́ọ̀mù ló kù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í du ẹni tí yóò rí ohun tó yẹ ní yíyọ: àpọ́nlé tí kò wúlò, àwítúnwí, irọ́, ọ̀rọ̀ líle, gbólóhùn tó gùn jù. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n á pe ará ìta, pàápàá ẹni tí kò kàwé púpọ̀, wọn a kà á sí i létí, wọn a wò ó bóyá ó yé e.

Ẹ fojú sí ọ̀rọ̀ “ojú kan ṣoṣo” yẹn. Bébà tí a kọ ojú rẹ̀ méjèèjì kò ṣeé gbé láti òkìtì kan sí òmíràn, torí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè jẹ́ ti ibòmíràn. Gbogbo ọ̀nà yìí dúró lórí nǹkan kékeré bẹ́ẹ̀.

Ó ku bí a ó ṣe mú un wọ kíláàsì tiwa. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní kí ọmọ 40 wà lábẹ́ olùkọ́ kan ní girama. Ẹni tó ní 75 mọ̀ pé bébà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká fi 40 ṣírò rẹ̀: ọ̀wọ́ 8, ọmọ 5 nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá ju 6 lọ nínú ọ̀wọ́, ẹni kan yóò di òǹwòran, kò sí bí a ṣe lè ṣe é. Ìtàn oníran 5, ọ̀rọ̀ bíi 300 nínú ìran kọ̀ọ̀kan, ó tó. Ọ̀sẹ̀ 8, píríọ́dù 2 lọ́sẹ̀, ogójì ìṣẹ́jú ní píríọ́dù kọ̀ọ̀kan: píríọ́dù 16 nìyẹn. Ẹ fi 4 ṣe ètò, 5 fún ìkọ̀wé àkọ́kọ́, 5 fún àtúnṣe, 2 fún àròjinlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń fi 10 kọ̀wé tí wọ́n á sì fi 1 ṣe àtúnṣe, ẹ̀yìn náà ni wọ́n á máa sọ pé àwọn ọmọ kò mọ àtúnṣe ṣe.

Ohun èlò kò pọ̀. Fún ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan: ìwé ìkọ̀wé kan tó ní ewé 60, bíró aláwọ̀ aró kan, bíró aláwọ̀ ewé kan, bébà A4 10 tí a gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin. Ojú ewé ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kí wọ́n máa kọ ìtàn sí, kí ti ọwọ́ òsì wà lófìfo fún àtúnṣe àti àríyànjiyàn. Bíró aró ni ẹni tó ni gbólóhùn fi ń kọ ọ́. Ẹlòmíràn tó bá fẹ́ yí i padà, bíró ewé ni kó mú, kó sì fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀ sí etí ìwé. Bíró pupa kò sí níbẹ̀ rárá. Tí ọmọ bá ti rí pupa, ó ti mọ̀ pé olùkọ́ ti dé, á sì yéé jiyàn.

Òfin kan ṣoṣo ló le: kò sí rọ́bà, kò sí yíya ìwé, kò sí ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń pa àṣìṣe rẹ́. Ìlà kan ṣoṣo la fi ń fa ọ̀rọ̀ tí a kò fẹ́ mọ́, kí èèyàn ṣì lè ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ tó fẹ́ràn ìwé mímọ́ tónítóní yóò kọ́kọ́ bínú sí òfin yìí. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ sọ fún wọn pé wọn yóò da ìtàn náà kọ sórí bébà mìíràn nígbẹ̀yìn, ìyẹn ni ti àlejò.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ohun tó ń bà á jẹ́.

Àkọ́kọ́ ni ọ̀nà tí gbogbo ọmọ fẹ́ràn jù: èmi kọ ìpínrọ̀ kan, ìwọ kọ ìkan, ó yípo. Ó ń dùn fún ogún ìṣẹ́jú. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan á pa akọni tí ẹnì kejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ẹni kẹta á jí i dìde, ẹni ìkẹyìn tí kò mọ ibi tí yóò gbé òkú àti alààyè gbà á ní “Mo bá ta jí, àlá ni mo ń lá.” Àlá yẹn ti pa ìtàn akẹ́kọ̀ọ́ tó pọ̀ ju èyí tí a lè kà lọ. Ohun tó fà á ni pé kò sẹ́ni tó mọ ìparí. Ẹ lò ó fún eré ìdárayá, ẹ má fi kọ ìtàn tí ẹ fẹ́ gbà máàkì lé lórí.

Èkejì ni kí wọ́n pín ìran márùn-ún fún ọmọ márùn-ún lọ́jọ́ kìíní, kí kálukú gbé tirẹ̀ lọ sílé. Ìtàn márùn-ún ni yóò padà wá. Nínú ìran kejì, ọyẹ́ ń jà. Nínú ìran kẹta tó jẹ́ ọjọ́ kejì rẹ̀, òjò ba ilé jẹ́. Ìyá àgbà tó jẹ́ afọ́jú ń ka lẹ́tà. Èyí tó sì máa ń hàn kíákíá nínú èdè tiwa: akọni ń sọ “ẹ” fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ìran kejì, ó di “ìwọ” nínú ìran kẹrin, láìjẹ́ pé wọ́n jà. Ẹni tó ń kàwé á ti máa wá ìjà náà.

Ohun tó ń gbà wá nínú èyí ni ohun tí mo máa ń pè ní ojú ewé àdéhùn. Ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé wọn ni. Kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó kọ ìtàn: orúkọ àti ọjọ́ orí gbogbo ẹni tó wà nínú ìtàn, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, oṣù wo, ta ló ń sọ ìtàn, ta ló ń pe ta ní kí ni. Apá ìkẹyìn yìí ni kí wọ́n lo àkókò lé lórí. Ṣé Ìyá Ṣadé ni yóò máa pè é ni, àbí Màmá, àbí Ìyáàfin? Ta ni ó lè pe ẹni yìí lórúkọ gan-an? Àríyànjiyàn gidi máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, torí ilé kò jọ ilé. Kí wọ́n tún kọ ìparí sínú gbólóhùn kan. Wọ́n lè yí i padà lẹ́yìn ọ̀la, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi bíró ewé yí i, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ sí i.

Àkọtọ́ náà gbọ́dọ̀ wọnú àdéhùn. Láti 1974 ni a ti ní àkọtọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ń lò, síbẹ̀ àwọn ọmọ ń ka Bíbélì àti ìwé àtijọ́ nílé, wọ́n á wá kọ “aiye”, “enia” àti “nwọn” lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹlòmíràn tó kọ “ayé”, “ènìyàn” àti “wọ́n”. Kì í ṣe àìmọ̀, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n kọ. Ní ti ẹ̀ka èdè, èrò tèmi ni pé kí àlàyé ìtàn wà ní Yorùbá àjùmọ̀lò, kí ẹnu àwọn ẹ̀dá ìtàn wà lómìnira. Bí bàbá àgbà bá jẹ́ ará Èkìtì, ẹ jẹ́ kó pe ilé ní “ulé”. Ọmọ Èkìtì tó wà nínú ọ̀wọ́ ni kó kọ ọ̀rọ̀ bàbá náà. Ó lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwọn yòókù yóò bi í léèrè nǹkan.

Ẹ̀kẹta ni ọmọ tó mọ̀wé jù. Á gba ìwé, á kọ gbogbo rẹ̀, àwọn yòókù á lọ máa tajú sí i, inú wọn sì máa ń dùn. Máàkì kan ṣoṣo fún gbogbo ọ̀wọ́ ló ń fà á ju ìmọ̀tara-ẹni lọ. Bí máàkì bá jẹ́ ọ̀kan, ó bọ́gbọ́n mu kí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ ṣe é. Oògùn rẹ̀ ni pé kí gbogbo wọn kọ ìbẹ̀rẹ̀ ìran kan náà, ọ̀rọ̀ 60, ìṣẹ́jú 10, kẹ́kẹ́ pa, sórí bébà tí a gé. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tẹ́ márààrún sílẹ̀, kí wọ́n mú gbólóhùn tó dára jù láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n má rí ọ̀kan mú lọ́wọ́ ọmọ tí gbogbo kíláàsì ti kọ̀ sílẹ̀. Òun sábà máa ń ní ọ̀rọ̀ ẹnu tó dùn, torí ọjà ló ti ń bọ̀.

Òwe ńkọ́? Ẹni márùn-ún, òwe márùn-ún nínú ìpínrọ̀ kan. Kálukú fẹ́ fi hàn pé òun gbọ́ Yorùbá. Kí òwe má ju ẹyọ kan lọ nínú ìran kan, kí ó sì ní ẹni tó ń pa á. Bí ọmọdé bá pa á lójú àgbà, kí ó mọ̀ pé “tótó ó ṣe bí òwe” wà, kí àgbà náà sì dá a lóhùn. Bí kò bá sọ ọ́, kí ó jẹ́ pé ọ̀wọ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ fẹ́ kí ó jẹ́ aláìmọ̀wàhù ni.

Fún àwọn tó ń lo fóònù tàbí kọ̀ǹpútà: Google Docs, ètò ìkọ̀wé orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ń tọ́jú gbogbo àtúnṣe pẹ̀lú orúkọ àti àkókò, ó dára ju bíró ewé lọ, bí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá wọlé pẹ̀lú àkáǹtì tirẹ̀. Bí wọ́n bá ń fi fóònù kan kọ ọ́, ẹni tó ni fóònù ló kọ gbogbo ìtàn nìyẹn lójú ẹ̀rọ. Ìṣòro kejì farasin. Àtẹ ìtẹ̀wé kan ń fi àmì kíún sábẹ́ “ẹ”, òmíràn ń fi igi kékeré síbẹ̀. Lójú wa, lẹ́tà kan náà ni. Lójú ẹ̀rọ, wọ́n yàtọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ yí orúkọ Ṣẹ́gun padà nínú gbogbo ìtàn, àwọn Ṣẹ́gun kan kò ní yí padà, wọ́n á wà níbẹ̀ bí àlejò tí ẹnì kan kò mọ̀. Kí gbogbo ọ̀wọ́ lo àtẹ kan náà láti ọjọ́ kìíní.

Ní báyìí, ọjọ́ àròjinlẹ̀ dé. Ẹni tó bá ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ yóò mọ ìgbésẹ̀ àròjinlẹ̀ 6 tí Graham Gibbs, onímọ̀ ẹ̀kọ́ kan, gbé jáde ní 1988: ohun tó ṣẹlẹ̀, bó ṣe rí lára, ohun tó dára àti èyí tí kò dára, ìdí rẹ̀, ìparí èrò, ohun tí a ó ṣe lọ́jọ́ iwájú. Kò burú fún àgbà. Ọmọ ọdún 13 máa ń kún un bí ẹni tó ń kún fọ́ọ̀mù báǹkì, gbólóhùn kan fún àpótí kan.

Ẹ fún wọn ní ìbéèrè tó ń rán wọn padà sínú ìwé. Mẹ́ta tó. Mú gbólóhùn kan tí o kọ tí kò sí nínú ìtàn mọ́: ojú ewé wo, ìlà wo, ta ló fa ìlà sí i, kí ló dé, ǹjẹ́ o ti gbà báyìí? Mú gbólóhùn kan tí ẹlòmíràn kọ sínú ìran tìrẹ: kí ló ṣe fún ìran náà tí ìwọ kò lè ṣe? Ibo ni àdéhùn yín ti yí padà, ta ló kọ́kọ́ sọ pé kó yí? Ọ̀rọ̀ 120 sí 150, kí wọ́n dá a kọ, kí ìwé ọ̀wọ́ ṣí sílẹ̀ níwájú wọn. Ẹ fòfin de òwe lọ́jọ́ náà.

Ẹ ò rí i pé ìbéèrè kejì kò béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ṣe dáadáa. Nígbà tí a bá bi ọmọ pé “Ta ni kò ṣiṣẹ́?”, ẹjọ́ la ń dá, irọ́ ni yóò sì bá wa dé. Gbólóhùn la ń béèrè.

Irú èsì tí a ń wá rí báyìí: “Ojú ewé 7, ìlà 4. Mo kọ ‘Bísí sọ fún Títí pé ó ti rí owó náà.’ K.A. fa ìlà sí ‘ó’, ó fi ‘òun’ sí i. Inú bí mi, torí èmi mọ̀ pé Bísí ló rí owó. Ṣùgbọ́n F.O. tó kọ ìran kẹta ti rò pé Títí ló rí i, ó ti jẹ́ kí Títí fi ra bàtà. Ojú ewé 9 títí dé 10 la tún kọ. Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀ pé ẹni tó ń kàwé kò sí nínú orí mi.” Kò sí ìfọwọ́sowọ́pọ̀ kan tó fẹnu bà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti sọ gbogbo rẹ̀: ìjà, ìdí rẹ̀, ohun tó ná wọn, àti òye kan nípa kíkọ̀wé tí olùkọ́ ìbá fi odindi píríọ́dù kọ́ wọn kó má wọ̀ wọ́n létí. Ọmọ náà kò lè kọ èyí bí ìlà àkọ́kọ́ bá ti parẹ́ lábẹ́ ọ̀dà funfun.

Lẹ́yìn tí kálukú bá ti dá kọ tirẹ̀, ìgbà yẹn ni kí wọ́n kà á sí ara wọn létí, ní píríọ́dù kejì. Bí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu, ohun tí ọmọ tó gbójú jù bá sọ ni gbogbo wọn yóò kọ. Inú lè ru níbẹ̀ o. Ẹni tí wọ́n yọ ìpínrọ̀ odindi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní gbàgbé. Kí olùkọ́ má là wọ́n níjà kíákíá; kí ó ní kí wọ́n ka ìpínrọ̀ tí wọ́n yọ náà sókè, kí gbogbo kíláàsì gbọ́ ọ. Nígbà mìíràn, ó dára ju ohun tó rọ́pò rẹ̀ lọ, kí wọ́n sì dá a padà.

Ní ti máàkì, bí ó bá jẹ́ 20, ẹ fi 6 fún ìtàn tí gbogbo ọ̀wọ́ jọ ni, 8 fún ipa ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé, aró àti ewé, 6 fún àròjinlẹ̀. Nínú 6 yẹn, ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní máàkì torí pé ó yin ọ̀wọ́ rẹ̀ tàbí pé ó tọrọ àforíjì. Ojú ewé àti ìlà tó tọ́ka sí ni ẹ wò, kí ẹ ṣí ìwé náà, kí ẹ rí i bóyá ó wà níbẹ̀. Ọmọ tó kọ̀wé pé òun kò gbà títí di òní, tó sì sọ ìdí rẹ̀, lè gba 6.

Ìwé tó kún fún ìlà yẹn, ẹ tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn tí wọ́n dà kọ. Ẹ̀dà mímọ́ ni kí ẹ fún àwọn òbí. Ìwé ìdọ̀tí ni kí ẹ fi han kíláàsì tó ń bọ̀ lọ́dún tó tẹ̀lé e, lọ́jọ́ tí ẹ bá ń ṣàlàyé bíró ewé fún wọn. Orúkọ àwọn òǹkọ̀wé lára èèpo ẹ̀yìn, ẹ tò ó ní tẹ̀léǹtẹ̀lé lẹ́tà a-b-d, kí ìjà ẹni tó ṣíwájú má baà tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn kí ìtàn tó parí, orúkọ tirẹ̀ náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, bí gbólóhùn rẹ̀ kan bá kù sínú rẹ̀. Bí ọmọ kan bá sì takú pé ìparí tí ọ̀wọ́ òun mú kò tọ́, ẹ fún un ní ojú ewé kan lẹ́yìn ìtàn, kó kọ ìparí tirẹ̀ síbẹ̀, kó fi orúkọ sí i. Kí ó má ju ọ̀rọ̀ 300 lọ, kí àwọn yòókù má sì kọ èsì sábẹ́ rẹ̀.